Orúkọ Tó Mọ́ Wọn Lórí: Ìtàn Bí Àwọn Àṣẹ Kọ̀ǹpútà Ṣe Gba Orúkọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìsọmọlórúkọ ní kíláàsì tí kò mọ òwe yìí, nítorí òun ni àwa olùkọ́ Yorùbá fi máa ń ṣí ẹ̀kọ́ náà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí èmi pẹ̀lú ti ń fi ṣí i. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òwe náà yóò gbé mi dé ìdí kọ̀ǹpútà.

Ọmọ kíláàsì SS2 kan ni ó dá a sílẹ̀. Ó mú ìwé pélébé kan wá bá mi lẹ́yìn tí agogo ìsinmi ti lù. Ohun tí ó kọ sínú rẹ̀ ni grep, awk, tar, cat àti tty. Ó ní níbi tí òun ti ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni òun ti bá wọn pàdé, àti pé àṣẹ tí a ń pa fún ẹ̀rọ ni wọ́n. Ó ti wo ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kò rí mẹ́ta nínú wọn rárá, méjì tí ó sì rí, ológbò àti ọ̀dà ni ìwé náà pè wọ́n. Ó wá bi mí tìtìjú-tìtìjú pé: "Ẹ jọ̀wọ́ mà, ṣé èdè Látìn ni, àbí ọpọlọ mi ni kò gbé e?"

Ìbéèrè kejì yẹn ni ó dùn mí. Mo ní kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí mo wádìí ọ̀rọ̀ náà, mo rí i pé kì í ṣe Látìn, kì í sì í ṣe ọgbọ́n àwámáàrídìí. Orúkọ lásán ni wọ́n, tí àwọn ènìyàn tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn sọ ní kíákíá, láìmọ̀ pé orúkọ náà yóò pẹ́ ju àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò nígbà náà lọ. Ìtàn wọn ni mo fẹ́ sọ, nítorí ó kan gbogbo ẹni tí yóò bá fún nǹkan lórúkọ lọ́jọ́ iwájú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sì wà lára irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1965, ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT, ilé-iṣẹ́ General Electric àti ilé-iṣẹ́ ìwádìí Bell Labs, gbogbo wọn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ń pawọ́ pọ̀ láti ṣe ètò ńlá kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò fi lè lo kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Multics ni wọ́n pè é. "Multi" tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà ń tọ́ka sí ọ̀pọ̀. Iṣẹ́ náà falẹ̀, ó ń jẹ owó, Bell Labs sì yọwọ́ kúrò nínú rẹ̀ ní 1969. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọn, Ken Thompson, wá bẹ̀rẹ̀ ètò kékeré tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà PDP-7 kan tí àwọn ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ lò mọ́. Nígbà tí ó di 1970, wọ́n fi ètò kékeré náà ṣe ẹ̀fẹ̀, wọ́n pè é ní Unics. Ọ̀pọ̀ gbà pé Brian Kernighan, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: bí tàwọn aládùúgbò bá jẹ́ ti ọ̀pọ̀, tiwa jẹ́ ti ẹyọ kan. Unix ni a ń kọ ọ́ lónìí. Inagijẹ ni, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Bí ìgbà tí ọmọ bá jẹ́ Adéyẹmí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Kúkúrú, tí ó sì jẹ́ pé Kúkúrú ni wọ́n kọ sí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Kí a tó lè mọ ìdí tí orúkọ àwọn àṣẹ inú Unix fi kúrú tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí wọ́n fi ń tẹ̀ wọ́n. Kì í ṣe kíbọ́ọ̀dù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti òde òní. Ẹ̀rọ ni, tí wọ́n ń pè ní Teletype Model 33, tí ó jọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ tí ó máa ń wà ní ọ́fíìsì ìjọba. Bọ́tìnì rẹ̀ le, ìka a máa ro ẹni tí ó bá lò ó pẹ́. Bébà ni ó ń tẹ ìdáhùn sí, kò sì lè tẹ̀ ju lẹ́tà 10 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá jókòó sí ìdí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, ẹ̀yin náà yóò gé ọ̀rọ̀ kù. Bẹ́ẹ̀ ni "list" ṣe di ls, "copy" di cp, "move" di mv, "remove" di rm. Cat kì í ṣe ológbò. Ara "concatenate" ni wọ́n ti gé e, ìyẹn ni pé kí a so fáìlì pọ̀ mọ́ra.

Àwa náà ń gé orúkọ kù. Olúwafúnmiláyọ̀ di Fúnmi kí ó tó máa rákò. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé Yorùbá kì í da fáwẹ̀lì nù bẹ́ẹ̀, nítorí fáwẹ̀lì ni ó gbé ohùn, ohùn ni ó sì gbé ìtumọ̀. Àwọn tiwọn lè já fáwẹ̀lì sọ nù kí ọ̀rọ̀ ṣì yé wọn. N óò padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Nínú gbogbo wọn, grep ni ó wù mí jù, nítorí ẹ̀ka iṣẹ́ tiwa, lítíréṣọ̀, ni ó bí i. Láàárín 1787 sí 1788, àwọn àròkọ kan jáde nínú ìwé ìròyìn ní Amẹ́ríkà láti rọ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n gba òfin tuntun tí wọn yóò fi máa ṣe ìjọba. Àròkọ 85 ni gbogbo wọn, The Federalist Papers ni a sì mọ̀ wọ́n sí. Alexander Hamilton, James Madison àti John Jay ni wọ́n kọ wọ́n, ṣùgbọ́n orúkọ ìbòjú kan náà, Publius, ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lò. Àríyànjiyàn wá wà fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí ẹni tí ó kọ àwọn kan nínú wọn. Lee McMahon, tí òun náà jẹ́ òṣìṣẹ́ Bell Labs, fẹ́ fi kọ̀ǹpútà yẹ ọ̀rọ̀ inú àwọn àròkọ náà wò, bóyá ọwọ́ ìkọ̀wé oníkálukú yóò hàn. Èyí kò yàtọ̀ sí ohun tí a máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe nígbà tí a bá bi wọ́n léèrè nípa ìlò èdè òǹkọ̀wé kan.

Ìṣòro kan yọjú. Ètò tí wọ́n fi ń tún ọ̀rọ̀ kọ nígbà náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ed, kò lè gbé ìwé tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àṣẹ kan wà nínú ed tí ó bá ohun tí wọ́n ń fẹ́ mu, báyìí ni wọ́n sì ń kọ ọ́: g/re/p. Lẹ́tà g ní kí ẹ̀rọ lọ káàkiri gbogbo fáìlì (mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n fi "gbogbo" rántí rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èèṣì ni ó bá a mu). Re dúró fún bátànì ọ̀rọ̀ tí a ń wá. P ní kí ẹ̀rọ tẹ ìlà tí ó bá rí i jáde. Thompson yọ iṣẹ́ yìí kúrò nínú ed, ó sọ ọ́ di ètò aládàádúró, ó sì fi àwọn lẹ́tà àṣẹ náà sọ ọ́ lórúkọ. Ní 1973, grep ti wà nínú ìwé atọ́nà Unix. Nígbà tí yóò fi di 2003, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ti gbà á wọlé bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé atúmọ̀ èdè kékeré ti ọwọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ni kò tíì gbọ́.

Awk tilẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1977, àwọn mẹ́ta ṣe é: Aho, Weinberger àti Kernighan. Wọ́n mú lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ bàbá oníkálukú, ó parí. Orúkọ yẹn kò sọ iṣẹ́ tí àṣẹ náà ń ṣe rárá. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ láyé.

Kí ni ó wá dé tí ẹnikẹ́ni kò fi padà lọ tún àwọn orúkọ wọ̀nyí sọ nígbà tí kíbọ́ọ̀dù ti rọ̀? Ìtàn àṣẹ tí ń jẹ́ make ni ó là mí lóye. Stuart Feldman ni ó ṣe é ní Bell Labs ní 1976. Orúkọ rẹ̀ dára, ó kúrú, ó sì sọ iṣẹ́ rẹ̀: ó ń kó àwọn ẹ̀ka ètò ńlá jọ, ó sì ń kọ́ wọn pọ̀. Ṣùgbọ́n Feldman fi òfin kan sínú rẹ̀ pé bọ́tìnì Tab ni ènìyàn gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ àwọn ìlà kan, pé àlàfo lásán kò ní ṣiṣẹ́. Lójú, Tab àti àlàfo kò yàtọ̀ síra, ó sì ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́kún. Feldman fúnra rẹ̀ rí àléébù yìí láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kò tún un ṣe. Ìdí tí ó sọ lẹ́yìn náà ni pé àwọn bí ẹni méjìlá ti ń lò ó, ọ̀rẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, òun kò sì fẹ́ ba iṣẹ́ tí wọ́n ti fi ṣe jẹ́. Ẹni méjìlá! Nítorí ẹni méjìlá, àìmọye ènìyàn ni ó ń gé ìka jẹ lórí Tab títí di òní.

Níbí ni mo ti rántí ọjọ́ kẹjọ. Nílẹ̀ Yorùbá, a kì í sọ ọmọ lórúkọ lọ́jọ́ tí a bí i. Ní ayé àtijọ́, ọjọ́ keje ni ti obìnrin, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọkùnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì. Lónìí ọjọ́ kẹjọ ni gbogbo wọn. Ní ìwọ̀nba ọjọ́ wọ̀nyẹn ni ẹbí fi ń wo ilé, wo ọ̀nà, wo bí ọmọ ṣe wáyé. Lẹ́yìn tí a bá ti pe orúkọ náà lójú agbo, ẹni tí ó bá gbọ́ ti gbọ́. Ètò kọ̀ǹpútà náà ní ọjọ́ kẹjọ tirẹ̀, ìyẹn ìgbà tí ẹni tí ó ṣe é nìkan ni ó ń lò ó. Tí ó bá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni kejì, ilẹ̀kùn ti ń tì. Ènìyàn lè gbọ́ pé àdúgbò kan ti yí orúkọ padà kí ó sì yí ahọ́n rẹ̀ dà. Ètò kọ̀ǹpútà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ ni ètò kan fi ń ké sí èkejì. Bí lẹ́tà kan bá yẹ̀, kò ní jẹ́ ẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe ṣe ń di àṣà. Ọ̀kan nínú àwọn àṣẹ inú Unix, tí ń ṣẹ̀dá fáìlì tuntun, ni a ń kọ báyìí: creat. Ó yẹ kí e wà ní ìparí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi Thompson ohun tí ì bá ṣe lọ́nà mìíràn bí ó bá tún Unix ṣe, ó dáhùn pé òun yóò fi e sí ìdí creat. Àwàdà ni, ṣùgbọ́n e kò tíì wọlé síbẹ̀ di bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Èyí tí ó tún jù ú lọ ni Referer. Ọ̀rọ̀ náà ń sọ fún ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì kan ibi tí àlejò rẹ̀ ti wá. Phillip Hallam-Baker ni ó dábàá rẹ̀, r kan sì jábọ́ nínú sípẹ́lì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa tẹ ìlànà náà jáde ní 1996, ọ̀pọ̀ ètò ti ń lò ó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe ìlànà tuntun tí ó jẹ mọ́ ọn lẹ́yìn náà, Referrer-Policy ni wọ́n pè é, r rẹ̀ sì pé. Àwọn méjèèjì wá jọ ń gbé inú ilé kan náà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí sípẹ́lì orúkọ bàbá wọn kò dọ́gba.

Àwọn orúkọ kan kò ní àṣìṣe kankan, ayé ni ó yí padà mọ́ wọn lọ́wọ́. Tar kì í ṣe ọ̀dà. Àkójọ orí téèpù ni ó túmọ̀ sí, ó sì wà nínú Unix ti 1979, nígbà tí ó jẹ́ pé orí téèpù gbọọrọ ni wọ́n ń kó ẹ̀dà fáìlì pamọ́ sí. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń lo tar lónìí kò fojú rí irú téèpù bẹ́ẹ̀ rí. Tty náà, orúkọ ẹ̀rọ Teletype tí mo sọ lókè ni, ó sì ṣì wà nínú Linux inú kọ̀ǹpútà alágbèéká. Irú orúkọ báyìí kò ṣàjèjì sí wa. Abíọ́nà ti di arúgbó nínú ilé, ojú ọ̀nà tí wọ́n bí i sí ti di ọjà, ó ṣì ń jẹ́ Abíọ́nà.

Ti àwọn tí orúkọ wọn bọ́ lọ́wọ́ wọn tún wà. Ètò tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo wa mọ̀ sí Firefox, Phoenix ni ó ń jẹ́ ní 2002. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ti ń jẹ́ Phoenix, ó sì ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin. Ní 2003 wọ́n sọ ọ́ di Firebird. Àwọn tí ń ṣe ètò mìíràn tí ó ń jẹ́ Firebird náà fárígá. Oṣù kejì ọdún 2004 ni ó tó di Firefox, ó sì dúró. Ti Gerald Combs tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbé Ethereal jáde ní 1998, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Nígbà tí ó pààrọ̀ ibi iṣẹ́ ní 2006, ètò náà lè bá a lọ nítorí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n orúkọ kò lè bá a lọ, torí ilé-iṣẹ́ tí ó fi sílẹ̀ ni ó ni ín. Wireshark ni ó wá ń jẹ́. Àṣẹ rẹ̀ tí ń jẹ́ tethereal di tshark, gbogbo ẹni tí ó sì ti kọ tethereal sínú iṣẹ́ rẹ̀ ní láti lọ tún un kọ.

Linus Torvalds dà bí ẹni tí ó ti kọ́gbọ́n nínú irú nǹkan báyìí. Nígbà tí ó ṣe git ní 2005, ó fi àwàdà kọ ọ́ sílẹ̀ pé lẹ́tà mẹ́ta tí ó ṣeé pè lẹ́nu ni, tí kò sí àṣẹ Unix gbajúmọ̀ kan tí ó ti ń jẹ́ ẹ. Nínú àwàdà yẹn, ọgbọ́n wà: ó wo ilé kí ó tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n àwọn àṣẹ inú git kò rí ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Checkout nìkan ni wọ́n di ẹrù iṣẹ́ méjì rù: ó ń gbé ènìyàn láti ẹ̀ka iṣẹ́ kan bọ́ sí èkejì, ó sì tún ń dá fáìlì padà sí bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣi iṣẹ́ kejì lò lè pàdánù ohun tí ó ti kọ láti àárọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, wọ́n pín iṣẹ́ náà fún àṣẹ tuntun méjì, switch àti restore. Wọn kò yọ checkout kúrò. Wọn kò lè yọ ọ́.

Ó wá ku tiwa. "Ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá" ni a ń kọ́ àwọn ọmọ láti pe kọ̀ǹpútà, èmi náà sì ń fi máàkì sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: oríkì ni, kì í ṣe orúkọ. Ó yin ẹ̀rọ náà, ó gùn, àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ìgboro kì í sì í pè é bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè é. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ jáde ní 1984, ó sì wúlò fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Lójú tèmi, ohun tí ó jẹ́ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wọlé ni pé àwa olùkọ́ ń fi wọ́n kọ́ni, a sì ń fi wọ́n ṣe ìdánwò lọ́dọọdún.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan pé, mo sọ gbogbo ìtàn yìí fún ọmọ náà. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ibi Teletype. Ó wá jẹ́wọ́ pé òun ń ṣe ètò kékeré kan tí yóò máa ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹyọ nínú àròkọ Yorùbá, òun sì fẹ́ fún un ní orúkọ Yorùbá. "Kà" ni ó kọ́kọ́ wá sọ́kàn rẹ̀. Mo ní kí ó tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì. Ó tẹ̀ ẹ́, ó sì di "ka": ká èso ni, ká aṣọ ni, àbí ka ìwé? Mo mú "oko" fún un pẹ̀lú, kí ó rí i bí oko, ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ ṣe ń di ọ̀kan náà bí àmì bá ti bọ́. Fáwẹ̀lì tí mo sọ lókè nìyí. Àwọn ará Bell Labs lè dà á nù, àwa kò tilẹ̀ lè da àmì orí rẹ̀ nù.

Ó bi mí pé kí ni ó dé tí òun kò kúkú ní fi àmì sí i nínú àṣẹ náà. Mo ti wádìí èyí náà sílẹ̀. Ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú lẹ́tà ẹ: bí lẹ́tà kan ṣoṣo tí àmì ìdí ti wà lára rẹ̀, tàbí bí e lásán tí a so àmì ìdí mọ́. Lójú èmi àti ẹ̀yin, ọ̀kan náà ni. Lórí Linux, orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Kíbọ́ọ̀dù tìrẹ lè kọ èyí, ti ọ̀rẹ́ rẹ kọ ìyẹn, ẹ̀rọ yóò sì ní òun kò mọ ẹni tí ó ń pè. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò ní dàrú bí àmì rẹ̀ bá tilẹ̀ bọ́ ni kí a wá.

A jọ jókòó sí iyàrá àwọn olùkọ́, a ń kọ, a ń pa á rẹ́. Ó gé "wo-iye" danù nítorí ó gùn. Mo gé "iye" danù nítorí ó lè jẹ́ iye, ó lè jẹ́ ìyè. Nígbẹ̀yìn ó kọ onka. Òǹkà ni, lẹ́tà mẹ́rin ni, n kò sì rí ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó lè bá a du àyè náà. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti wò ó bóyá àṣẹ kan ti ń jẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ dáhùn pé kò sí. Mo ní kí ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Ó mi orí. "Rárá mà," ni ó wí, "ó di ọjọ́ kẹjọ."